Iyọ̀ Inú Búrẹ́dì Aláìsàn

Bí ẹ bá rí obìnrin náà níwájú ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, tó fi ìka kan àpòpọ̀, tó ti ìka náà bọ ẹnu, tó di ojú, tó wá ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, ẹ ó sọ pé iṣẹ́ yé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ilé búrẹ́dì ń sọ. Onímú ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó tún rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àfi ọkọ rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Láti ẹnu ọ̀nà ni Onímú ti máa ń gbọ́ òórùn bọ́tà tó fẹ́ kan. Bí ìwúkàrà bá ti kú, òun ló ń kọ́kọ́ tú u fó. Bó bá sì tọ́ àpòpọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ohun tó kù níbẹ̀ fún ọ, kò ní ṣì í sọ.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Nígbà òjò tó kọjá ni ibà àti ọ̀fìnkìn gbé e dè sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tó sì fi máa dìde, imú àti ahọ́n ti dágbére fún un. Ata kò ta á lẹ́nu mọ́. Ṣúgà kò dùn, iyọ̀ sì dà bí iyanrìn. Dókítà yẹ imú rẹ̀ wò, ó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kó ṣáà máa fojú sọ́nà. Kí ni ẹni tó ń fi imú jẹun fẹ́ fi ojú sọ́nà ṣe? Onímú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde, ó lọ sunkún sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan àfi bàbá àwọn ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún wọn," ni ọkọ rẹ̀ ń wí ní gbogbo ìgbà. Bíríkìlà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. "Ògiri tó bá ti sán, èèyàn kì í fi ọ̀dà bò ó."

"Kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ o, bàbá àwọn ọmọ."

"Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́? Wọn ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni."

Irọ́ nìyẹn náà. Ó mọ̀ wọ́n, òun gan-an ló ń bẹ̀rù ara rẹ̀. Màmá tó ni ilé búrẹ́dì ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tó wà ní ọmọge, tó jẹ́ pé fúláwà a máa wọ̀ ọ́ nírun bí ẹni hu ewú ọ̀sán gangan. Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní: àpòpọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ páànù títí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yóò fi tọ́ ọ wò, tí yóò sì sọ pé, "Ó pé." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Onímú ló ń sọ "Ó pé" nínú ilé náà láti ìgbà tí orúnkún Màmá kò ti jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́. Nísinsìnyí Màmá ti fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ti ní lọ́jọ́ Fúráìdé òun yóò fi ilé búrẹ́dì lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ojú Onímú ni gbogbo wọn ń wò. Nítorí imú rẹ̀ sì ni, àbí kí ló tún ní tí àwọn tó kù kò ní?

Nítorí náà ló ṣe di ẹni tó ń wọn iyọ̀ bí ẹni ń wọn oògùn. Yóò bu ú sínú agolo, yóò fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, yóò tún wò ó, kó tó dà á sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ki ìka bọ ẹnu, tí yóò dijú, tí yóò mi orí. Ahọ́n kò sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá ṣàṣìṣe, ta ni yóò mọ̀?

Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí.

Ọjọ́ náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe búrẹ́dì fún ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, olórí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló wá bá Màmá. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbọn fúláwà kúrò lára aṣọ funfun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun àti funfun kì í bára wọn jà, ó ní, "Màmá, iyọ̀ ni mo fẹ́ ká jọ sọ. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu wà níbẹ̀. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá bó ṣe yẹ." Màmá nàka sí Onímú. Ó ní, "Ṣé ẹ rí obìnrin yẹn? Bí hóró iyọ̀ kan bá lé, á gbọ́ igbe rẹ̀." Onímú rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ búrẹ́dì náà, Onímú da fúláwà sínú ẹ̀rọ, ó da omi sí i, ó fi ìwúkàrà àti ṣúgà sí i, ó fi bọ́tà sí i. Ó fa ike iyọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún nínú àpò épírọ̀nù rẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́ràn, ló bá sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ní ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eyín rẹ̀ kan sì ti ká. Eyín ọmọdé ni o, kó má fòyà o, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde o, ọmọ náà sì ní àfi kóun gbọ́ ohùn ìyá òun. Ẹ mọ bí àwọn tíṣà ṣe máa ń sọ̀rọ̀: wọ́n á ní kó o má fòyà títí wàá fi fòyà. Onímú rẹ ọmọ lẹ́kún lórí fóònù, ó ṣèlérí ohun tí kò mọ̀ bóyá òun lè ṣe, ó padà wọlé.

Ẹ̀rọ ń yí. Ike iyọ̀ wà níbi tó fi í sí, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Agolo ìwọ̀n sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Onímú dúró. Ṣé òun ló ṣí ìdérí yìí? Ṣé kí fóònù tó dún ni òun ti da iyọ̀ sí i, àbí òun kàn ṣí i lásán ni? Ó yọjú wo inú ike. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n ti bù nínú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ náà kò sì rántí nǹkan kan. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí ni ìṣòro níbẹ̀? Ìka kan sẹ́nu, ó parí. Ó ti ìka bọ ẹnu. Ó dijú. Ó dúró, ó dúró, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pé?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Òun ló ń ṣù búrẹ́dì sí páànù. Àwàdà ni wọ́n fi ń pè é ní Tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé bó bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ò ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ó ti fi òróró pa ọwọ́ méjèèjì, ó gbé wọn sókè, ó ń retí.

Bí Onímú bá ní kò pé, yóò sọ ohun tó kù. Bó bá ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá òun tọ́ ọ wò, Tẹ́ẹ́rẹ́ yóò bi í pé kí ló ṣe ẹnu tirẹ̀. Bó bá da gbogbo rẹ̀ nù, Màmá yóò béèrè ìdí. Gbogbo èyí gba inú rẹ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ sì dá a lóhùn kó tó rò ó tán.

"Ó pé," ni ó wí.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ gé, ó wọ̀n, ó ṣù, ó tò wọ́n sí páànù, ó fi aṣọ bò wọ́n kí wọ́n lè wú. Onímú ń ṣí aṣọ yẹn wò bí ẹni tó tẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sùn. Búrẹ́dì kò wú. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Bàbá Oníná, tó ń bójú tó ààrò, gba ẹ̀yìn wọlé, ó fi ọwọ́ tẹ ọ̀kan.

"Kí ló ń ṣe àwọn wọ̀nyí lónìí?" ló wí. "Wọ́n ń lọ́ra bí àna ẹni."

"Òtútù ni, Bàbá," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn.

Onímú mọ̀ pé kì í ṣe òtútù. Ohun tí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì mọ̀ ni pé iyọ̀ àpọ̀jù a máa so ìwúkàrà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé kò sí iyọ̀ rárá ni, ìbá ti wú kọjá ẹnu páànù. Àbí ó ti da iyọ̀ sí i kí fóònù tó dún, tó tún wá dà á sí i nígbà tó wọlé, tí kò sì mọ̀? Ṣé orí náà ti ń lọ lẹ́yìn imú ni? Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ó rántí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó rí bàbá àgbàlagbà kan lọ́kàn rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi búrẹ́dì sínú tíì, tó sì ń bá nọ́ọ̀sì ṣeré, láìmọ̀ pé ẹnì kan tí kò fẹ́ kí ojú ti òun ló fi oúnjẹ náà ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí búrẹ́dì jáde nínú ààrò, ó mú kékeré kan, ó ń wá ẹni tó máa tọ́ ọ wò láì mọ ìdí. Ó kọ́kọ́ fi lọ̀ awakọ̀ tó ń bá wọn gbé ọjà.

"Èmi?" ni awakọ̀ wí, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Àǹtí mi, búrẹ́dì ni mo ń gbé lójoojúmọ́, búrẹ́dì ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú aṣọ mi. Ẹ fún mi ní ohunkóhun tí kì í ṣe búrẹ́dì."

Ó sọdá títì lọ bá aránbàtà tó ń jókòó síwájú wọn. Bàbá jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé, ìyàwó rẹ̀ sì ni gbogbo obìnrin àdúgbò. Ó gba búrẹ́dì, ó bù ú, ó jẹ ẹ́.

"Ìyàwó mi!" ni ó wí. "Oyin ni!"

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́. Báwo ni iyọ̀ rẹ̀ ṣe rí?"

"Ọwọ́ rẹ ni iyọ̀, àní ọwọ́ rẹ ni iyọ̀. Mo ti jẹ búrẹ́dì yí ká, kò sí èyí tó dà bí tìrẹ." Ó na ọwọ́ sí ìgò omi rẹ̀, ó mu ún dé ìdajì. Ó wúkọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Eruku awọ ni," ló wí. "Eruku awọ yìí máa pa mí lọ́jọ́ kan."

Onímú wo ìgò omi náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó sì padà. Bí gbogbo èèyàn bá jẹ́ ọmọlúàbí báyìí, ọ̀dọ̀ ta ni èèyàn yóò ti gbọ́ òótọ́?

Nígbà tó fi máa dé àgbàlá, ọkọ̀ ti kún ju ìdajì lọ. Bàbá Oníná àti Tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé àwọn àwo búrẹ́dì fún awakọ̀. Màmá ti jáde, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ẹni tó ń gbé ọmọ fọ́kọ. Ẹ wò ó, ó rọrùn láti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ti sọ láàárọ̀, kí ló dé tí kò lè jẹ́ kó parí síbẹ̀? Fúráìdé kò jìnnà mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eruku awọ ni lóòótọ́.

Awakọ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ má gbé e lọ!"

Ohùn náà le ju bó ṣe rò lọ. Gbogbo wọn yíjú. Onímú ti dúró sí àárín ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjèèjì, ó na apá bí ẹni tó ń dá màlúù dúró.

"Kí ló dé?" ni Màmá bèèrè.

"Màmá, ẹ dákun." Ó kúnlẹ̀ sínú eruku fúláwà. "Mi ò mọ ohun tó wà nínú búrẹ́dì yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní ó pé. Láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn ni mi ò ti gbọ́ òórùn mọ́. Mi ò mọ adùn, mi ò mọ ìkorò. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìka ni mo ti tì bọ ẹnu níwájú yín, kò sí èyí tó sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ má jẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ."

Onímú tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ń dúró de ẹ̀rín, tàbí èébú, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dé.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò fi iyọ̀ sí i lóòótọ́, fóònù ló dún nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i. Ṣùgbọ́n mo ti bá yín fi sí i."

"O ti ṣe kí ni?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ ò gbọ́ òórùn. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí eku kú sẹ́yìn àpò fúláwà? Gbogbo wa sá jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró síbẹ̀, ẹ ń jẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ́ tọ́ ọ wò lẹ́yìn yín. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tẹ́ ẹ jáde lọ dáhùn fóònù, mo sáré bu iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó wọlé, mi ò sì tọ́ ọ wò mọ́."

Bàbá Oníná ti gbé àwo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo Tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó rí ohun tí kò dára.

"Ta ló bu iyọ̀ sí i?" ló bèèrè.

"Èmi ni, Bàbá."

"Irú kí ni? Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i! Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé. Mo rí i pé Onímú kò tíì dé orí iyọ̀ tó fi jáde." Ó yíjú sí Onímú. "Ọmọ mi, búrẹ́dì kan jóná lọ́jọ́ kan, èéfín gba ibi gbogbo, ìwọ dúró ti ààrò, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi, kí wọ́n má bàa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ náà mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi, Bàbá!"

Ni gbogbo wọn bá gbọ́ tí Màmá wúkọ́.

"Ẹ gbà mí o," ni Màmá wí. Ó dà bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. "Èmi náà bu iyọ̀ sí i."

"Màmá!"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó tẹ́ lẹ́nu mi, mo bu iyọ̀ sí i, mo lọ jókòó. Ta ni mo fẹ́ bi? Kò sí ọjọ́ tí mo bá fi òróró pa orúnkún tí ọmọ yìí kì í di imú, tí kì í ní òórùn ẹgbẹ̀rún òkú ewúrẹ́ wọlé. Nígbà tó yá, mo fi òróró náà pa orúnkún, mo jókòó tì í, ó ń kí mi pé ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo lọ sunkún ní yàrá mi. Mo ń dúró kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Awakọ̀ nìkan ló ní làákàyè tó láti ṣe ohun tó yẹ. Ó bu búrẹ́dì kan, ó fi sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pa dà. Ó tu ú sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó gbé gbogbo orí sábẹ́ rẹ̀.

"Òkun ni!" ló ń ké láti ibẹ̀. "Òkun lẹ yan nínú ààrò!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò, ó wúkọ́. Bàbá Oníná tọ́ ọ wò, ó wo aránbàtà ní òdìkejì títì, tí ìgò omi rẹ̀ ti ṣófo tó sì ń juwọ́ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àwọn àgbà ní bí oore bá pọ̀ lápọ̀jù, ibi ní í dà," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé búrẹ́dì ni wọ́n ń bá wí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn. Onímú kò rẹ́rìn-ín. Inú ló kọ́kọ́ bí i, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ṣé gbogbo wọn ló wá ń wò ó láti ọjọ́ yìí, tó ń dijú, tó ń mi orí, bí òṣèré tí kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ti rí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé? Ojú tì í, ojú náà gbóná. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wò wọ́n, ó rí ohun kan tí kò rí tẹ́lẹ̀. Wọn kò jọ wò ó. Olúkúlùkù wọn dá a wò ni, olúkúlùkù sì fi í pamọ́ fún àwọn tó kù. Ilé búrẹ́dì tí ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́jú nínú rẹ̀! Tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé bó bá jẹ ẹ̀pà lálẹ́, àdúgbò á gbọ́ láàárọ̀! Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí di ẹnu rẹ̀ fún un láti ìgbà òjò. Onímú bú sẹ́kún, kò sì fi pamọ́ sẹ́yìn ilé kankan.

"Ẹ ṣé," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ṣé o. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí mo fi ní irú yín. Mo rò pé èmi nìkan ni mo wà."

"Ìwọ nìkan kọ́," ni Màmá wí. "Ọpẹ́ yẹn, gbé e pamọ́ ná. Àwọn aláìsàn ń dúró de oúnjẹ. Ẹ da fúláwà sínú ẹ̀rọ!"

Màmá tẹ olórí àwọn nọ́ọ̀sì láago, ó ní búrẹ́dì àárọ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn, kó fún àwọn láyè títí di ìrọ̀lẹ́. A kò gbọ́ ohun tí ìyẹn sọ, ṣùgbọ́n Màmá ń tẹríba sí fóònù. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá Oníná ń dáná bí ẹni tí wọ́n ń lé, awakọ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń ru àpò fúláwà, aránbàtà pàápàá wá ń fọ páànù, ìtìjú ló gbé e wá. Nígbà tó kan iyọ̀, Onímú gbé agolo sókè lójú gbogbo wọn.

"Mo ń fi iyọ̀ sí i o!" ló ké.

"A rí ọ!" ni wọ́n dáhùn.

"Mo ti fi sí i o! Kí ẹnikẹ́ni má bá mi ṣe oore kankan mọ́!"

Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ó já díẹ̀ nínú àpòpọ̀, kò fi í sẹ́nu ara rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi í sí i lẹ́nu. Tẹ́ẹ́rẹ́ dijú. Onímú ń wo ojú yẹn bí ẹni tó ń wo ẹnu dókítà. Kò sí ìgbà tí ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí nígbà tó ń parọ́, ó kéré tán òun ló di ìjánu mú.

"Ó pé," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

Búrẹ́dì yìí wú. Ọkọ̀ gbéra nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpò fúláwà, fóònù Màmá wà láàárín wọn, wọ́n sì ń wò ó títí ó fi dún. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti jẹun, ó ní kí wọ́n mú irú rẹ̀ wá lọ́la. Onímú mí kanlẹ̀.

"Màmá," ló wí lẹ́yìn náà, "ní ti Fúráìdé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló tọ́ sí. Ẹnu tirẹ̀ pé."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa tọ́ ọ wò," ni Màmá dáhùn. "Ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ilé yìí, mi ò rí ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bo àṣírí rẹ̀ báyìí. Èmi alára, bí imú mi bá lọ nígbà tí mo wà lágbára, àwọn tí mo ń kígbe mọ́ ì bá ti ta mí sọ́jà. Ìwọ ni mo ń fi í lé lọ́wọ́. Má bá mi jiyàn, orúnkún ń dùn mí."

Nígbà tí Onímú délé, ó kọ́kọ́ yẹ ẹnu ọmọ rẹ̀ wò, ó rí ihò ibi tí eyín wà, ó sì kí i kú orí ire. Ó ti gbé ọ̀kan nínú búrẹ́dì àárọ̀ wálé, ó gbé e sórí tábìlì. Kó tó sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ọkọ rẹ̀ ti já a, ebi ń pa á láti ibi bíríkì. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde dúró.

"Yéè! Ta ló da iyọ̀ sínú nǹkan yìí?"

"Màmá ni," ni Onímú wí. "Bàbá Oníná náà ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni."

Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Omi ń bọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Onímú gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó bu díẹ̀ níbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó rọra ń jẹ ẹ́.